Apá Ọkọ̀ Ló Ń Ró, Apá Ọkọ Mi Kò Ro Ó

Yàrá Ìká-Páráṣúùtì,
Pápá Ọkọ̀ Òfuurufú Kékeré,
Ẹ̀yìn Ilé-Iṣẹ́ Bíríkì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Wádìí Ìjàǹbá Ọkọ̀ Òfuurufú,
Àjà Kẹta, Ilé Ìwé-Àṣẹ Ìrìnnà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ TÚN ÌRÒYÌN YÍN WÒ LÓRÍ ỌKỌ̀ TÍ APÁ RẸ̀ KÁN LÓJÚ Ọ̀RUN, KÍ Ẹ SÌ DÁ ÌKEJÌ RẸ̀ DÚRÓ KÍ ỌJỌ́ ÀBÁMẸ́TA TÓ DÉ

1. Èmi tí mo kọ lẹ́tà yìí ni olórí àwọn tó ń ká páráṣúùtì ní pápá yìí. Ó pé ọdún mọ́kàndínlógún báyìí tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bẹ́ láti inú ọkọ̀ lójú ọ̀run, ọwọ́ mi ni aṣọ tó máa gbé e sọ̀kalẹ̀ ti ń jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Aláṣọ. Èmi náà ni ìyàwó awakọ̀ tó bá ọkọ̀ kìíní lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta ọdún yìí. Bàbá Ẹ-Rọra ni gbogbo pápá mọ̀ ọ́n sí, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi “ẹ rọra” bẹ̀rẹ̀.

2. Ìròyìn yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá pápá ti rí tirẹ̀ gbà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ní ojú ewé kẹjọ, ẹ kọ ọ́ pé awakọ̀ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta pé apá òsì ń ro òun, pé kò sinmi, pé apá tó ń ro ó yìí ni kò jẹ́ kó lè mú ọkọ̀ dúró dáadáa, tó fi fà á láfàjù, tí apá ọkọ̀ sì kán. Ẹ ní kò sí àrùn kankan lára ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Mo kà á lórí ìdúró, mo sì tún jókòó kà á. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí ju ọjọ́ tí a sin ín lọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹkún nìkan ni iṣẹ́ mi, n kò tíì di ẹni tó ń gbèjà òkú.

3. Ohun tí ọkọ mi kọ sínú ìwé nìyí, bó ṣe kọ ọ́ gan-an: “Apa osi n ro.” Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ọkọ mi kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀. Lẹ́tà ìfẹ́ àkọ́kọ́ tó kọ sí mi nígbà èwe wa, ọjọ́ méjì ni mo fi ń wá àmì sí i kó tó yé mi pé èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi ohùn òkè parí ọ̀rọ̀ tó kọ sínú ìwé yẹn, ó di “apá òsì ń ró,” ìyẹn ni pé ó ń dún. Bí ẹ bá fi ohùn àárín parí rẹ̀, ó di “apá òsì ń ro,” ìyẹn ni pé ó ń dun ènìyàn. Ohun tó ń dún ni ọkọ mi kọ. Apá ọkọ̀ ló ń wí.

4. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí kò kọ ọ́ pé “apá ọkọ̀.” Ìwé tó kọ ọ́ sí ni Ìwé Ẹ̀sùn Ọkọ̀, èyí tó máa ń wà lórí tábìlì akọ̀wé, tí awakọ̀ ń kọ nǹkan sí bó bá ti sọ̀kalẹ̀. Gbogbo awakọ̀ pápá yìí, láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀, bí ẹni ń sọ nípa ara tirẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Bí òróró ẹ́ńjìnnì bá lọ sílẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé òùngbẹ ń gbẹ wá. Bí gíláàsì iwájú bá dọ̀tí, wọ́n á ní ojú wa ń ṣe bàìbàì. Bí afẹ́fẹ́ táyà bá dín, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ̀. Mo fi ẹ̀dà ojú ewé mẹ́rin mọ́ lẹ́tà yìí kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Awakọ̀ tó kọ ọ́ lóṣù Kọkànlá pé imú òun dí, ọkọ̀ rẹ̀ ló ní ọ̀fìnkìn, òun fúnra rẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà.

5. Akọ̀wé àtijọ́ mọ èdè yìí bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Bó bá ti kà á, ó ti ké pe mẹkáníìkì wa nìyẹn, ẹni tí a ń pè ní Ọ̀gá Sípánà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé àtijọ́ fẹ̀yìn tì ní òpin ọdún tó kọjá. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ lóṣù Kìíní, ọmọlúàbí ni, ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ́ tónítóní. Ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn kan ló ti ń bọ̀, níbi tó ti lo ọdún mẹ́rìnlá. Bí ẹni tó lo ọdún mẹ́rìnlá ní ilé ìwòsàn bá rí “apa osi n ro,” ẹ sọ fún mi, Ẹ̀yin Ọ̀gá, ta ló máa pè? Nọ́ọ̀sì ló pè.

6. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ mi kọ ọ́: ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kìíní, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, àti ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nọ́ọ̀sì fi òògùn ìpara inú páálí kékeré kan sínú àpótí tó ń kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Kò kọ nǹkankan mọ́ ọn. Akọ̀wé sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀sùn náà pé, “A ti tọ́jú rẹ̀,” ó buwọ́ lù ú. Ọkọ mi ka “A ti tọ́jú rẹ̀,” ó gbà pé Ọ̀gá Sípánà ti ṣí apá ọkọ̀ wò. Ọ̀gá Sípánà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan rí. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn, kò sì sí ẹni tó ya ọ̀lẹ. Olúkúlùkù ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pé pérépéré.

7. Òògùn ìpara náà, ọkọ mi mú un wálé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìkẹ́ àwọn awakọ̀, pé bóyá bàtà ló kàn. Òun kò lò ó rí. Ìyá mi ló ń fi í pa orúnkún, ó sì ń gbàdúrà fún ilé-iṣẹ́ títí di òní yìí.

8. Mo wà nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tó kán. Nínú ìròyìn yín, ibi kan ṣoṣo ni ẹ ti dárúkọ mi, níbi tí ẹ ti kọ ọ́ pé “ìyàwó awakọ̀, a kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.” Ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn mẹ́fà tó kù tó bẹ́ ṣáájú mi. Èmi ni mo bẹ́ kẹ́yìn, èmi ni mo jókòó sẹ́yìn àga rẹ̀, èmi ni mo sì rí i jù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi níbí. Bó bá gùn, ẹ má bínú.

9. Láti ìgbà tí mo ti ń ká aṣọ fún àwọn tó ń bẹ́, èmi fúnra mi kò gòkè rí. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo dà bí alásè tí kì í tọ́ ọbẹ̀ wò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí afẹ́fẹ́ rárá, oòrùn ń ràn láìta ni lára, ọkọ mi sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìká-aṣọ, ó ní, “Ààyè ẹnì kan ṣẹ́kù. Wá wo ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ń lọ.” Mo wọ páráṣúùtì tí mo ká fúnra mi, nítorí òfin ni pé kí gbogbo ẹni tó bá wọlé wọ̀ ọ́. Wọ́n ti yọ àga kúrò nínú ọkọ̀ náà, ilẹ̀ ni a jókòó sí, orúnkún kan orúnkún. Nígbà tí a gbéra, ọkọ̀ náà ń gbọ̀n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹ̀yìn ìyá tó ń rẹ ọmọ. Oorun fẹ́ẹ́ gbé mi lọ. Mo rí ilé wa ní ìsàlẹ̀, ó kéré tó fi jẹ́ pé mo lè fi àtàǹpàkò bò ó, mo sì fi bò ó, mo tún ṣí i.

10. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìró kan láti òsì, bí ilẹ̀kùn àtijọ́ tí ẹnì kan ń rọra ṣí ní yàrá kejì. Ọkọ mi yíjú sí mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyí, mo sì ṣe tán láti búra lé e lórí níwájú yín: “Ṣé o gbọ́ ọ? Òun ni mo kọ sínú ìwé. Wọ́n láwọn ti tọ́jú ẹ̀, àmọ́ kò tíì lọ tán.” Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. A kì í fi etí gbọ́ apá tó ń ro ènìyàn.

11. Kò pẹ́ sí i, ohun kan ta gbàù. Apá òsì ọkọ̀ ká sókè díẹ̀, bí etí ìwé tí omi kàn, kò sì tíì já. Ọkọ mi dín ẹ́ńjìnnì kù. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí ìtọ́kọ̀, ó ń fi í mú ọkọ̀ náà dúró, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń juwọ́ sí wa. Ó ní, “Ẹ máa bẹ́! Ẹ rọra, ẹ má ti ara yín!” Ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde láti ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ wa kọ́ wa láti máa ka ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà mo kà á: méjìdínlógójì ni, láti ìgbà tí apá ọkọ̀ ti ká sókè títí ó fi kàn mí. Apá òsì ọkọ mi kò gbọ̀n. Mo mọ apá náà. Orí rẹ̀ ni mo máa ń sùn sí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, kò sọ rí pé mo wúwo. Nígbà tó kàn mí, mo ní n kò lọ. Ó ní, “Ìyá Aláṣọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni. Bẹ́.” Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí, orúkọ mi ló máa ń pè. Mo bẹ́.

12. Ẹ̀rù kò bà mí. Mo fẹ́ kí ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni wọ́n máa ń sọ pé kò ríran dáadáa. Aṣọ ṣí lókè orí mi, gbogbo ìṣẹ́po tí mo mọ̀ lórí tábìlì ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ariwo dákẹ́ pátápátá. Èéfín ilé-iṣẹ́ bíríkì ń gòkè lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rí aṣọ tí ẹnì kan sá sórí okùn lẹ́yìnkùlé, aṣọ ibùsùn, ṣẹ́ẹ̀tì, aṣọ ọmọdé, mo sì ń rò ó pé ó yẹ kí n lọ ká tiwa náà nílé. Mo gbà pé orí tábìlì iṣẹ́ ni oorun ti gbé mi lọ, pé ọkọ mi máa tó fọwọ́ kàn mí léjìká. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni apá ọkọ̀ kọjá níwájú mi. Kò já bọ́ bí nǹkan tó wúwo. Ó ń yí, ó ń rọra bọ̀, oòrùn ń kọ lára rẹ̀, lẹ́yìn náà ló tún yí padà, mo sì rí ojú ibi tó ti kán. Àwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. N kò wo ibi tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gbà. Ojú mi kọ̀ ọ́.

13. Ẹ kọ ọ́ nínú ìròyìn yín pé páráṣúùtì wà lẹ́yìn awakọ̀, pé kò ṣí. Òótọ́ ni. Èmi ni mo ká a, kò sì ní àbùkù kankan. Kò ráyè fà á ni. Nígbà tí apá ọkọ̀ já pátápátá, ìgbà tí èmi ti jáde ni.

14. Ẹ tún kọ ọ́ pé a kò rí apá òsì ọkọ̀ náà mọ́. A rí i. Inú oko àgbàdo ọkùnrin àgbẹ̀ kan ló balẹ̀ sí, kọjá odò kékeré tó wà lẹ́yìn pápá. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, ó fara ti ògiri abà, àwọn adìyẹ àgbẹ̀ náà ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ náà ní òun ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹnìkan kò wá. Mo ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Egungun irin tó wà nínú apá náà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú ibi tó ti kán ló ti dúdú, tó sì ti dípẹtà. Ìdá tó kù ń dán bí ṣíbí tuntun. Ọ̀gá Sípánà bá mi lọ lánàá. Ó ní ibi tó dúdú ti là tipẹ́tipẹ́, pé ibi tó ń dán nìkan ló kù fún ọkọ̀ náà lọ́jọ́ náà, pé bí irin tó ti là bá ń ha ara rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa ró. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn adìyẹ.

15. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tí kò lámì ni òkú fi sílẹ̀ fún yín. Alààyè tó lè ka ọ̀rọ̀ náà fún yín pọ̀ ní pápá. Ẹ kò bi ẹnikẹ́ni. Ẹ mú ohùn tó rọrùn jù fún yín, ẹ fi kà á, ẹ sì di ẹ̀bi ru ẹni tí kò lè dáhùn. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣe yìí kò dára.

16. Bó bá jẹ́ orúkọ ọkọ mi nìkan ló wà ńlẹ̀, mo lè fi sùúrù dúró de yín fún ọdún kan. Kì í ṣe orúkọ nìkan. Ọkọ̀ méjì ni pápá yìí ní, ìbejì ni wọ́n, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé, iye wákàtí tí wọ́n ti fò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Láti oṣù Kẹta ni wọ́n ti so ìkejì mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìròyìn yín dé pé kò sí àrùn lára ọkọ̀, wọ́n tú u sílẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ni wọ́n ní kó máa wà á. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, òun nìkan ló gbé e lọ sókè láti dán an wò. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó kọ nǹkan sínú Ìwé Ẹ̀sùn Ọkọ̀.

17. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, mo wà lórí ojú ewé kẹjọ ìròyìn yín, n kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ apá ríro ti wá, nígbà tí àbúrò ọkọ mi wọlé. Ó gbé páálí kékeré kan sórí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyàwó wa, wọ́n ti ń ṣìkẹ́ èmi náà o.” Mo wo páálí náà. Mo bi í pé kí lẹ kọ sínú ìwé? Ó ní, “Apá ọ̀tún ń ró. Kì í ṣe púpọ̀.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ojú ewé kẹjọ ti yé mi. Páálí náà wà nínú lẹ́tà yìí pẹ̀lú ẹ̀dà ohun tó kọ. Ẹ máa rí i pé òun náà kò fi àmì sí i. Ẹ máa rí ohun tí akọ̀wé kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

18. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bá akọ̀wé. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà lọ́nà méjèèjì sórí ìwé, mo ní kó kà á jáde. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ẹ̀rí tó buwọ́ lù, tí mo fi mọ́ èyí. Àwa méjèèjì jọ lọ bá ọ̀gá pápá. Ọ̀gá pápá gbọ́ wa tán, ó sì bá mi kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ó ní Ìgbìmọ̀ ti sọ pé ọkọ̀ kò láàrùn, pé òun kò lè fi ẹnu òun tako ẹnu Ìgbìmọ̀, pé àwọn tó fẹ́ bẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ti forúkọ sílẹ̀. Ó ní bí mo bá mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ yín, òun máa ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá Sípánà ní ìdajì ọjọ́ péré ni òun nílò láti ṣí apá náà wò.

19. Mo ti bẹ àbúrò ọkọ mi pé kí ó má wà á. Ó ní bí òun bá kọ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi síbẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ ìró náà rí, tí kò sì ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun rọra. Ó ní ó sàn kó jẹ́ òun. Ọmọ ìyá ọkọ mi ni, bí wọ́n ṣe rí nìyẹn.

20. Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ ìwé sí ọ̀gá pápá kí ọkọ̀ ìkejì má gbéra títí Ọ̀gá Sípánà yóò fi ṣí apá rẹ̀. Kí ẹ rán ènìyàn lọ sí abà àgbẹ̀ náà. Kí ẹ sì yọ ọ̀rọ̀ apá ríro kúrò lójú ewé kẹjọ. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ lè ṣe kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó pé, ẹ ṣe ti àkọ́kọ́. Ọkọ mi lè dúró.

21. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa gbéra, ènìyàn méje pẹ̀lú awakọ̀. Páráṣúùtì àbúrò ọkọ mi wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Láti àárọ̀ ni mo ti ká a lẹ́ẹ̀mẹta, tí mo sì tú u lẹ́ẹ̀mẹta. Màá ká a dáadáa, iṣẹ́ mi ni, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láìdára. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó nílò rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí mo ń retí ìwé yín,

Ìyá Aláṣọ,
Olórí Àwọn Tó Ń Ká Páráṣúùtì.